Ọkọ̀ kékeré olówó pọ́ọ́kú: èwo ni owó rẹ̀ kì í já wálẹ̀ púpọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ tà á?

Olùkọ́ Kétu:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, mo sì ti pinnu láti ra ọkọ̀ kékeré kan tí n óò lò fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin, kí n tó tà á láti fi owó rẹ̀ kún ilé tí mo ń kọ́. Nítorí náà, kì í ṣe iye tí n óò rà á nìkan ló jẹ mí lógún, bí kò ṣe iye tí yóò kù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo bá tà á. Ọ̀nà méjì ni mo ń wò. Èkíní ni Toyota Yaris tòkunbọ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2003 sí 2005, tí wọ́n ń kó gba èbúté Kútọnu wọlé láti Yúróòpù. Èkejì ni ọkọ̀ kékeré tuntun tí ó wá láti Íńdíà, bí irú Suzuki tàbí Renault Kwid, tí n óò fi owó tí mo ti kó jọ àti èyí tí n óò yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tòkunbọ̀ ti pàdánù gbogbo ohun tí yóò pàdánù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹlòmíràn ní ọkọ̀ tuntun tí èèyàn kan ṣoṣo ti lò nìkan ni wọn kì í yọwó rẹ̀ lọ́jà. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì? Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí ó bá mọ ọjà yìí là mí lọ́yẹ̀.

Mẹkáníìkì Wàńdò:

Olùkọ́, ẹ kú ìrònú. Ní Wàńdò níbí, ní Àjàṣẹ́, ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù kì í dá wá. Mẹkáníìkì tirẹ̀ ni ó ń mú lẹ́yìn, mẹkáníìkì yìí gan-an ni ó sì ń dá iye owó, bí ẹni tí ó ni ọkọ̀ tilẹ̀ rò pé òun ni. Bí ó bá mọ ọkọ̀ náà tinú-tẹ̀yìn, tí ó sì mọ ibi tí òun ti lè rí ẹ̀yà rẹ̀ rà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, yóò ní kí oníbàárà òun san iye tí ọjà ń sọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù á bà á, yóò sì máa yọ nínú owó náà títí ẹ̀rù yóò fi kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ìdí tí Yaris fi ń di owó rẹ̀ mú nìyẹn. Láti ọdún 1999, nígbà tí ó gba ipò Toyota Starlet àtijọ́, ni wọ́n ti ń tà á káàkiri Yúróòpù, àwọn tí ó ti gbó níbẹ̀ kò sì lóǹkà, nítorí náà ni ẹ̀yà wọn fi ń bá kọ̀nténà wọlé. Èyí tí a kò bá rí ní Kútọnu, a óò rí i ní ọjà Ladípọ̀ ní Èkó.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí kì í kà sí. Yaris tí ẹ dárúkọ yìí, ṣéènì ni ó wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí à ń pààrọ̀ lóòrèkóòrè. Ṣùgbọ́n Peugeot 206, àti Kia Picanto àkọ́kọ́ tí ó jáde ní ọdún 2004, bẹ́líìtì ni wọ́n ń lò, bẹ́líìtì sì ní iye kìlómítà tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá já lórí eré, ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ lọ́wọ́ yín kò mọ ìgbà tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn; bí ẹ kò bá ní ìwé tí ó fi hàn, yóò yọ owó bẹ́líìtì tuntun àti owó iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ pè, yóò sì tún yọ díẹ̀ sí i nítorí ìfòyà.

Ẹ má ṣe ra Yaris tí ilẹ̀kùn èrò rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ó dín lówó, mo gbà, ṣùgbọ́n onítáàsì kò ní rà á, ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́ta kò sì ní rà á. Èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá gbé e sọ́wọ́ òsì, burú ju ìyẹn lọ, nítorí gbogbo mẹkáníìkì ni ó mọ bí a ṣe ń dá a mọ̀.

Ìyá Aláṣọ Àjàṣẹ́:

Mẹkáníìkì, òótọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ọ́ tán. Owó tí Yaris ń dì mú yẹn, ta ni ó kọ́kọ́ san án? Ẹni tí ó rà á náà ni. Picanto ni mo fi ń kó aṣọ láti Kútọnu wá sí Àjàṣẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ rà á, kò sí ẹni tí ó bá mi du ú, owó rẹ̀ sì fi púpọ̀ dín sí ti Yaris tí wọ́n jọ jáde lọ́dún kan náà. Ọkọ̀ tí gbogbo ayé ti sá fún, ibo ni owó rẹ̀ tún fẹ́ já sí? Ẹni tí ó bá lè fara balẹ̀ wá oníbàárà rẹ̀ nígbẹ̀yìn, kí ló dé tí yóò fi san owó orúkọ?

Akọ̀wé Ìṣirò:

Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó, nítorí mo rí i pé ohun méjì ni a ń pè ní ọ̀kan ṣoṣo: iye ìdá tí ọkọ̀ pàdánù àti iye owó tí ó kúrò lọ́wọ́ wa. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye tí mo fẹ́ lò yìí. Ẹ fi iye tí ẹ bá gbọ́ lọ́jà dípò wọn.

Ká ní Olùkọ́ ra Yaris ní 2,500,000 sẹ́fà, owó tí à ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, tí ó sì tà á lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ní 1,900,000. Ó ti pàdánù 600,000, èyí tí í ṣe ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní Ìyá Aláṣọ ra Picanto tirẹ̀ ní 1,500,000, tí ó sì tà á ní 1,000,000. Ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìyẹn, àwọn tí ó bá sì ń fi ìdá wọn nǹkan yóò sọ pé Picanto kò di owó mú rárá. Síbẹ̀, 500,000 péré ni ó kúrò lápò ìyá wa, mílíọ̀nù kan tí kò fi ra ọkọ̀ sì wà nínú aṣọ tí ó ń tà, ó ń bímọ. Ẹni tí ó bá ní òwò tí owó lè wọ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn. Ti ẹni tí owó oṣù ni ó fi ń jẹun, tí kò sì ní ibi tí yóò fi mílíọ̀nù náà sí ju inú àpótí lọ, yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ọkọ̀ tuntun. Ká ní 6,500,000 ni wọ́n ń tà á, tí Olùkọ́ sì rí 3,900,000 gbà lórí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Mílíọ̀nù 2 àti 600,000 ti lọ. Bí a bá pín in sí oṣù 48, ó lé ní 54,000 lóṣooṣù, nígbà tí ti Yaris jẹ́ 12,500. Ọkọ̀ tuntun a máa pàdánù tó ìdá kan nínú márùn-ún owó rẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín ọdún kìíní, nítorí pé lọ́jọ́ tí ó bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù ni ó ti di àlòkù. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa rọra já wálẹ̀. A kì í mọ ìrìn rìn kí orí má mì, ọkọ̀ tí a bá sì ń gùn, owó rẹ̀ yóò dín, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ó jẹ́ àwa ni yóò ru ẹrù ọdún kìíní.

Ẹnìkan lè sọ pé àtúnṣe Yaris àgbà yóò jẹ èrè náà tán. Ká ní ó ń gba 300,000 lọ́dún ju ti ọkọ̀ tuntun lọ, 1,200,000 ni ìyẹn ní ọdún mẹ́rin. Ẹ fi kún 600,000, ó di 1,800,000. Kò tíì tó ohun tí ọkọ̀ tuntun pàdánù, a kò sì tíì ka èlé tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yóò gbà. Ohun tí ọkọ̀ tuntun fi ju tòkunbọ̀ lọ ni ìfọ̀kànbalẹ̀, ìyẹn ni pé kò ní dá Olùkọ́ dúró sójú ọ̀nà Kétu sí Pobẹ̀ lóru. Ó lè yàn láti sanwó fún ìyẹn, ṣùgbọ́n kí ó má pe ìyẹn ní owó tí òun yóò rí gbà padà.

Àgbà Ìta:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìṣirò Akọ̀wé dára, ṣùgbọ́n ó ṣe é bí ẹni pé ọjà yóò dúró sójú kan fún ọdún mẹ́rin. Láti ìgbà tí mo ti ń ra ọkọ̀, n kò tíì rí ọdún mẹ́rin bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dá owó sẹ́fà sí méjì. Fáráǹkì ilẹ̀ Faransé kan tí à ń fi 50 sẹ́fà gbà di 100 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ láti òkè òkun di ọ̀wọ́n gógó, èyí tí ó ti wà nílẹ̀ sì gbówó lórí tẹ̀ lé e. Àwọn tí ó ra ọkọ̀ ní ọdún 1993 rí i pé iye sẹ́fà tí wọ́n lè tà á ti pọ̀ ju iye tí wọ́n rà á lọ, wọ́n sì ń yọ̀, títí wọ́n fi fẹ́ fi owó náà ra òmíràn. Ẹni tí ó bá ń ka iye owó lásán yóò ní ọkọ̀ yẹn jèrè. Ẹni tí ó bá ń ka ohun tí owó náà lè rà yóò sọ ọ̀tọ̀.

Lónìí, a so sẹ́fà mọ́ yúrò, 655.957 fún yúrò kan, nítorí náà bí ọkọ̀ àlòkù bá wọ́n ní Yúróòpù, ó di dandan kí ó wọ́n ní Kútọnu. Ẹ rántí ọdún 2021 àti 2022, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ kò rí ṣíìpù kọ̀ǹpútà tó, tí ọkọ̀ tuntun ṣọ̀wọ́n, tí àwọn òyìnbó sì dì mọ́ èyí tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó ta ọkọ̀ nígbà náà lè máa yangàn pé òun mọ ọkọ̀ yàn, bẹ́ẹ̀ ọjà ni ó gbè é.

Apá kejì ni Nàìjíríà. Tipẹ́tipẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ àlòkù tí ń gúnlẹ̀ sí Kútọnu ti ń sọdá sí Nàìjíríà. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìíní ọdún 2017, tí wọ́n tún ti ibodè pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 di oṣù kejìlá ọdún 2020, tí náírà sì tún já wálẹ̀ gan-an láti oṣù kẹfà ọdún 2023, ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ó mi àwọn ibi ìtajà ọkọ̀ ní Kútọnu jìgìjìgì. Ṣùgbọ́n kò bá gbogbo ọkọ̀ bákan náà. Jíìpù àti Toyota ńlá tí oníbàárà wọn wà ní Èkó ni ó kọ́kọ́ fara gbá a. Ọkọ̀ kékeré tí olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò Bẹ̀nẹ̀ ń rà, owó oṣù àwọn ará ibí ni ó gbé e ró, kò sì gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, tí ẹ̀sáǹsì kpayo tí wọ́n ń kó wá láti ibẹ̀, tí à ń rà létí títì, gbówó lórí lójijì, ọkọ̀ tí kì í mu epo púpọ̀ ni ojú gbogbo ènìyàn yí sí. Fún ìdí yìí, bí mo bá ń ra ọkọ̀ láti tún un tà, ohun tí n óò kọ́kọ́ bèèrè ni ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ mi àti ìlú tí onítọ̀hún ti ń rí owó rẹ̀.

Awakọ̀ Ṣábẹ̀:

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò rà á yìí ni mo fẹ́ dì mú, nítorí àwọn tí ó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ojú Àjàṣẹ́ ni wọ́n fi ń wo ọjà. Òótọ́ ni pé títì ọlọ́dà tí ó lọ sí Parakú gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní owó láti ra ọkọ̀ ní Ṣábẹ̀ sábà máa ń ní oko tàbí ẹbí nínú abúlé, ọ̀nà ilẹ̀ pupa ni ó sì lọ síbẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń ṣe ni pé yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Yaris kò ga sílẹ̀. Bí òjò bá ti gbẹ́ ojú ọ̀nà, abẹ́ rẹ̀ á máa ha ilẹ̀, nígbà tí a bá sì fi máa tà á, ojú àpá náà á ti wà níbẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti rí. Kwid ga jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Suzuki S-Presso, mo sì ti rí àwọn ará ibí tí wọ́n fi ojú fo Yaris dá nítorí ìyẹn nìkan. Kétu wà láàárín méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀dà ni Olùkọ́ yóò máa rìn, kí ó ra Yaris, kí ó sì gbé e lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu nígbà tí ó bá fẹ́ tà á. Bí ó bá jẹ́ pé yóò máa ti ibẹ̀ lọ sí àwọn abúlé apá Ìlárá lójoojúmọ́, ìṣirò Akọ̀wé yóò yí padà.

Ọmọ Pobẹ̀:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò tíì mẹ́nu kan Starlet tuntun tí Toyota ń tà. Bàbá mi ní ti àtijọ́, wọ́n sì tà á ní owó gidi bí ó tilẹ̀ ti gbó. Ṣé orúkọ yẹn kò ní ran tuntun yìí lọ́wọ́?

Mẹkáníìkì Wàńdò:

Àbúrò, orúkọ nìkan ni ó pa wọ́n pọ̀. Starlet tí ó padà wá sí Áfíríkà ní ọdún 2020, Suzuki Baleno ni, Íńdíà ni Suzuki ti ń ṣe é, àmì Toyota ni wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ ọn. N kò sọ pé ọkọ̀ burúkú ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀yà tí ó kún ilẹ̀ fún Starlet bàbá yín kò wọ ara èyí, kò sì tíì pẹ́ tó tí àwọn tí wọ́n fọ́ yóò fi pọ̀ lọ́jà. Àmọ́ àmì Toyota tí ó wà níwájú rẹ̀ yóò mú kí ẹni tí kò mú mẹkáníìkì lẹ́yìn san owó díẹ̀ sí i, ìyẹn kì í sì í ṣe àǹfààní kékeré fún ẹni tí ń tà.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ó yàtọ̀ sí Yaris, Dacia Sandero tòkunbọ̀ náà tọ́ sí àgbéyẹ̀wò. Àwọn òyìnbó fúnra wọn mọ̀ ọ́n sí ọkọ̀ tí kì í pàdánù púpọ̀, nítorí pé owó rẹ̀ ti kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì Renault tí ọwọ́ wa ti mọ̀ sì ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ga sílẹ̀ díẹ̀ ju Yaris lọ. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò tíì pọ̀ ní Àjàṣẹ́ ni ìṣòro rẹ̀.

Olùkọ́ Kétu:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá lọ́wọ́ Bàbá. Ojú ọ̀dà ni mo sábà máa ń rìn, mo sì ní ẹbí ní Àjàṣẹ́ tí ó lè bá mi ta ọkọ̀, nítorí náà mo ti ń fì sí ọ̀dọ̀ Yaris onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ó ku ohun méjì. Ẹni tí mo bá dúnàádúrà ní ìwé ọkọ̀ náà ṣì wà ní orúkọ ẹni tí ó tà á fún òun, àti pé kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Èkejì ni pé ẹ̀rọ ni ó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́. Ṣé àwọn nǹkan wọ̀nyí yóò pa mí lára lọ́jọ́ títà?

Akọ̀wé Ìṣirò:

Ti ìwé yóò pa yín lára ju ẹ́ńjìnnì lọ. Ọkọ̀ tí carte grise rẹ̀, ìyẹn ìwé tí ó ń fi ẹni tí ó ni ọkọ̀ hàn, kò sí ní orúkọ ẹni tí ń tà á, owó ìtanràn àti ìdààmú ni ẹni tí ń rà ń rí nínú rẹ̀. Kí ẹni náà kọ́kọ́ yí i padà sí orúkọ ara rẹ̀ ní ANaTT, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ìwé ọkọ̀, tàbí kí ó dín owó rẹ̀ kù tó ohun tí yóò ná yín, kí ó sì bá yín lọ ṣe é kí ẹ tó san owó tán. Kí ẹ gba ìwé owó ibodè pẹ̀lú, nítorí bí kò bá sí, ẹ kò lè fi hàn lọ́jọ́ iwájú pé ọkọ̀ náà kì í ṣe èyí tí ó yẹ kí ó ré kọjá lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Láti ọjọ́ tí ó bá ti di tiyín, ẹ máa tọ́jú ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀, ti ìbánigbófò, àti rìsíìtì gbogbo ohun tí ẹ bá pààrọ̀. Ẹni tí ó bá kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú oníbàárà, ìdúnàádúrà rẹ̀ kì í gùn.

Awakọ̀ Ṣábẹ̀:

Ní ti jíà, ti ọwọ́ ni kí ẹ rà. Onítáàsì kì í fẹ́ ti ẹ̀rọ, nítorí bí ó bá bàjẹ́, àwọn tí ó lè tún un ṣe kò pọ̀, owó rẹ̀ sì wúwo. Ìwọ̀nba obìnrin oníṣòwò àti àwọn òṣìṣẹ́ Kútọnu ni wọ́n ń bèèrè rẹ̀.

Ìyá Aláṣọ Àjàṣẹ́:

Awakọ̀, obìnrin oníṣòwò kan nìyí tí ti ọwọ́ ni ó ń wà láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kútọnu! Olùkọ́, ẹ má tà á ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá wà lọ́rùn gbogbo òbí. Láti oṣù kọkànlá lọ, tí àwọn tí ó kórè ti rí owó wọn, tí àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun sì ń bọ̀ wá ṣọdún, ni oníbàárà máa ń yá.

Mẹkáníìkì Wàńdò:

Kí ẹ tó dé ọ̀rọ̀ títà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rà á dáadáa. Ẹ má gba aago tí ń ka kìlómítà gbọ́. Wọ́n lè yí i sẹ́yìn. Rọ́bà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lórí bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ wò, àti etí àga awakọ̀. Bí aago bá ní ọkọ̀ kò tíì rìn púpọ̀, tí rọ́bà náà sì ti jẹ títí ó fi ń dán, ẹ ti mọ èyí tí ó ń parọ́ nínú méjèèjì. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ọkọ̀, kí ó bá ti inú ìwé mu. Bí ẹ bá ti rí èyí tí ó tẹ́ yín lọ́rùn, tí ìwé rẹ̀ sì pé, ẹ ní kí ẹni náà gbé e wá bá mi ní Wàńdò ní àṣálẹ́, kí ó sùn sí ọ̀dọ̀ mi. Ní òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tanná sí i, a óò jọ tanná sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣì tutù, nítorí èéfín àti ariwo tí ẹni tí ń tà fẹ́ fi pa mọ́, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná ni wọ́n máa ń lọ sílẹ̀.